Michael Faraday

Michael Faraday (22 Oṣù Kẹsàn-án 1791 – 25 Oṣù Kẹjọ 1867) jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó ṣàwárí bí òòfà ṣe lè mú iná mànàmáná jáde láti inú wáyà, òun náà ni ó sì gbé òfin méjì kalẹ̀ nípa bí iná mànàmáná ṣe ń tú èròjà palẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ayé ti gba àwọn ọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́ktródù, ánódù, kátódù, íónì àti ẹlẹ́ktróláìtì.

Faraday kò lọ sí yunifásítì. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ ìwé dídì ni ó sì kọ́ kí ó tó di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun èlò tí kò wọ́n ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò rẹ̀: owó ẹyọ, bébà tí a rẹ sínú omi iyọ̀, sítáàṣì, ata ilẹ̀ pupa, páálí àti pòròpórò koríko. Nítorí èyí, a lè kà á sí ọ̀kan lára àwọn baba ńlá sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn àwọn ohun èlò pẹlẹbẹ tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń sọ nù, irú èyí tí àwọn tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò lónìí.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Faraday ní Newington Butts, tí ó jẹ́ abúlé ní etí ìlú London nígbà náà, ṣùgbọ́n tí ó ti di apá kan àdúgbò Southwark lónìí. James Faraday, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ó kó ìdílé rẹ̀ wá láti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá iṣẹ́. Margaret Hastwell ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni tọkọtaya náà bí, Michael sì ni ìkẹta. Àìlera kì í jẹ́ kí bàbá náà ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, nítorí náà ìyà jẹ ìdílé náà púpọ̀. Ní ọdún 1801, nígbà tí ọkà gbówó lórí, odidi búrẹ́dì kan ni wọ́n ń fún Michael láti jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìjọ Kristẹni kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ìjọ Sandeman ni ìdílé náà ń lọ. Àwọn ọmọ ìjọ yìí gbà pé kò tọ́ kí Kristẹni máa kó ọrọ̀ jọ fún ara rẹ̀. Faraday di díákónì nínú ìjọ náà ní ọdún 1832, ó sì di alàgbà ní ọdún 1840. Ìgbàgbọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ó kọ oyè àti ipò ńlá nígbà tí ó di olókìkí.

Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ nìkan ni ó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Kò ní ìmọ̀ ìṣirò gíga títí ó fi kú, èyí sì jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí ó fi gbára lé ohun tí ojú lè rí àti ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Iṣẹ́ ìwé dídì

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, Faraday bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́ fún George Riebau, ẹni tí ó ń ta ìwé tí ó sì ń di ìwé ní Blandford Street ní London. Ní ọdún 1805, Riebau gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọdún 7. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni ó di yunifásítì fún un. Àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá fún dídì ni ó máa ń kà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Méjì nínú wọn ni ó yí ọkàn rẹ̀ padà sí sáyẹ́ǹsì: àpilẹ̀kọ kan nípa iná mànàmáná nínú Encyclopaedia Britannica, àti ìwé ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì tí Jane Marcet kọ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Faraday kì í gba ohun tí ó kà gbọ́ láìdán an wò. Owó díẹ̀díẹ̀ tí ó bá rí ni ó fi ń ra ìgò àti èròjà, ó sì kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fi ìfọwọ́ra mú iná mànàmáná jáde.

Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1810. Ní ọdún kan náà ni Faraday bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tí John Tatum ń ṣe ní ilé rẹ̀ ní alẹ́. Ṣílè kan ni owó ìwọlé, Robert ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ni ó sì ń san án fún un. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀kọ́ pàdé, lára wọn ni Benjamin Abbott, tí ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́.

Bátìrì àkọ́kọ́

Ní Oṣù Keje ọdún 1812, Faraday kọ lẹ́tà sí Abbott láti ròyìn bátìrì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Alessandro Volta ará Ítálì ni ó kọ́kọ́ fi irú bátìrì bẹ́ẹ̀ han ayé ní ọdún 1800, ṣùgbọ́n ti àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá máa ń tóbi, ó sì máa ń gba owó púpọ̀. Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí lò ni owó ẹyọ ààbọ̀ pẹ́nì 7, tí wọ́n fi bàbà rọ, àti pẹlẹbẹ síńkì 7 tí ó gé kí wọ́n rí roboto bí owó náà. Ó rẹ bébà 6 sínú omi iyọ̀, ó sì ń fi wọ́n sí àárín bí ó ti ń to bàbà àti síńkì léra wọn lórí.

Bátìrì náà ṣiṣẹ́ nítorí pé síńkì a máa yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju bàbà lọ. Omi iyọ̀ tí ó wà nínú bébà ni ọ̀nà tí àwọn íónì ń gbà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bí a bá fi wáyà so orí àti ìdí òkìtì náà pọ̀, iná yóò máa ṣàn. Faraday ti wáyà méjèèjì bọ inú omi tí ó fi po iyọ̀ Epsom, ó sì rí i pé iná kékeré náà ń tú èròjà inú omi palẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ṣe èyí tí ó tóbi jù ú lọ.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú bátìrì yìí: ohun tí ń gbé iná, bébà tí ó fa omi mu, àti iyọ̀ tí ó yòrò sínú omi náà. Ohun mẹ́ta yìí kan náà ni ó wà nínú sẹ́ńsọ̀ alábébà tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ní ọ̀rúndún kọkànlélógún.

Ìwọlé sí Royal Institution

Ní ọdún 1812, oníbàárà Riebau kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Dance fún Faraday ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí Humphry Davy ṣe ní Royal Institution. Davy ni onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Faraday kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán àwọn ohun èlò tí ó rí, ó di ìwé náà dáadáa gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy ní ìparí ọdún náà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé òun ń wá iṣẹ́.

Inú Davy dùn sí ìwé náà, ṣùgbọ́n kò sí àyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1813, wọ́n lé olùrànlọ́wọ́ yàrá ìwádìí kan kúrò nítorí pé ó jà. Davy ránṣẹ́ pe Faraday, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta ọdún náà. Ó ń gbé nínú yàrá òkè pátápátá ní ilé-iṣẹ́ náà, ní Albemarle Street. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe gbogbo àwárí ńlá rẹ̀.

Láti Oṣù Kẹwàá 1813 títí di Oṣù Kẹrin 1815, ó tẹ̀lé Davy àti ìyàwó rẹ̀ rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ìránṣẹ́ Davy kọ̀ láti bá wọn lọ, nítorí náà wọ́n ní kí Faraday máa ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó Davy ń lò ó bí ọmọ ọ̀dọ̀, èyí sì bà á nínú jẹ́ dé bi pé ó ronú láti padà sílé. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú ìrìn àjò náà. Ní Paris, ó wà níbẹ̀ nígbà tí Davy fi àpótí kékeré tí ó kó èròjà ìdánwò sí ṣe àyẹ̀wò áyódìn, tí ó sì fi hàn pé èròjà tí ó dá dúró ni. Ní Milan, ó fojú kan Volta, tí ó ti darúgbó nígbà náà.

Ìyìn àti ẹ̀sùn

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1821, Faraday fẹ́ Sarah Barnard, ọmọ ìjọ Sandeman. Wọn kò bímọ. Ní ọdún kan náà, ó ṣe ohun èlò kan tí wáyà tí iná ń gbà kọjá fi ń yí òòfà po láìdúró. Èyí ni ìpìlẹ̀ mọ́tò oníná mànàmáná. Àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó jí èrò William Hyde Wollaston lò láìdárúkọ rẹ̀. Ohun tí Wollaston ń wá kì í ṣe ohun tí Faraday rí, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà dun ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ kankan. Nígbà tí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ láti di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society, Davy ọ̀gá rẹ̀, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ni ó dìde takò ó. Síbẹ̀, wọ́n dìbò yàn án ní Oṣù Kìíní ọdún 1824.

Ní ọdún 1824 yìí ni ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ méjì lẹ̀ mọ́ra láti ṣe bàlúù tí ó fi ń gba háídrójìn sí. Òun ni a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ ṣe bàlúù rọ́bà. Ní ọdún 1825, ó rí èròjà bẹ́ńsíìnì nínú òróró tí ó kù láti ara gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná. Ní ọdún 1827, ó tẹ ìwé Chemical Manipulation jáde. Nínú ìwé náà ni ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀pá gíláàsì àti àwọn nǹkan mìíràn tí kò wọ́n ṣe ohun èlò ìwádìí fúnra wọn, àti bí a ṣe ń lo bébà ìdánwò láti mọ ásíìdì yàtọ̀ sí álíkálì.

Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ 1831, ó wé wáyà méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì òrùka irin kan, ó sì rí i pé bí òun bá tan iná sínú wáyà kìíní tàbí tí òun bá pa á, iná a ṣẹ́jú nínú èkejì. Láìpẹ́, ó fi òòfà nìkan ṣe irú rẹ̀. Orí àwárí yìí ni àwọn ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ tiransífọ́mà òde òní dúró lé.

Bébà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Ní àsìkò yìí, àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá iná mànàmáná oríṣiríṣi jẹ́ ohun kan náà. Iná wà láti ara ìfọwọ́ra, láti inú bátìrì, láti ara òòfà àti láti ara ẹja kan tí ń gbọn ènìyàn. Faraday fẹ́ fi hàn ní ọdún 1832 àti 1833 pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, iṣẹ́ kan náà ni ó yẹ kí wọ́n ṣe nínú èròjà kẹ́mísírì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná tí ó ti ara ìfọwọ́ra wá kéré níye. Kò lè tú ohun púpọ̀ palẹ̀ tí ojú yóò fi rí i.

Bébà ni ó fi yanjú ìṣòro náà. Ó rẹ bébà sínú omi pọtásíọ̀mù áyódáìdì àti sítáàṣì, irú sítáàṣì tí a fi ń mú aṣọ le. Bí iná bá gba inú bébà bẹ́ẹ̀ kọjá, áyódìn yóò yọ ní ojú ibi tí wáyà kan ti fara kàn án, bí áyódìn bá sì kan sítáàṣì, ojú ibẹ̀ yóò dúdú bí aró. Ó tún lo bébà tí wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa pa láró. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ a máa di pupa rẹ́súrẹ́sú bí álíkálì bá jáde níbẹ̀. Iná tí ó kéré débi pé ojú kò lè rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ife omi di ohun tí ojú ń rí lórí bébà tóóró.

Kò dúró lórí bóyá iná wà tàbí kò sí. Ó tún wọn iye rẹ̀. Ó fi ẹnu wáyà plátínọ̀mù kan bébà tí ó rẹ sínú áyódáìdì, ó sì wo bí ojú ibẹ̀ ṣe dúdú tó. Ó rí i pé bí òun bá yí ẹ̀rọ ìfọwọ́ra ńlá òun ní ìgbà 30, àmì tí iná rẹ̀ fi sílẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wáyà síńkì kan àti wáyà plátínọ̀mù kan mú wá nígbà tí òun tì wọ́n bọ inú omi tí ásíìdì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún ìró aago ìléwọ́ òun 8 péré, ìyẹn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bébà náà ti di sẹ́ńsọ̀: ó ń sọ pé nǹkan wà níbẹ̀, ó sì ń sọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á mú òmíràn.

Òfin méjì Faraday

Láti ibi ìwọ̀n yìí ni Faraday ti dé ibi òfin méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1833 àti 1834. Òfin kìíní ni pé iye èròjà tí iná mànàmáná tú palẹ̀ bá iye iná tí ó kọjá dọ́gba: bí iná bá di ìlọ́po méjì, èròjà yóò di ìlọ́po méjì. Òfin kejì ni pé bí iye iná kan náà bá gba inú oríṣiríṣi èròjà kọjá, ìwọ̀n tí ó tú palẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò bá ìwọ̀n tí èròjà náà fi ń dàpọ̀ mọ́ òmíràn nínú kẹ́mísírì mu.

Láti wọn iye iná, ó ṣe ohun èlò kan tí ń tú omi palẹ̀, tí ó sì ń gba gáàsì tí ó jáde sínú ọ̀pá gíláàsì tí a ti fàlà sí. Gáàsì tí ó bá pọ̀ tó báyìí ni yóò sọ iye iná tí ó ti kọjá. Ohun èlò yìí ni wọ́n wá ń pè ní vọ́ltámítà. Lónìí, iye iná tí ó so mọ́ mólù kan ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni a ń pè ní iye adúróṣinṣin Faraday, ó sì tó nǹkan bí kúlọ́ọ̀mù 96,485.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Faraday rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò bá ohun tí òun rí mu. Àwọn onímọ̀ ń pe ibi tí wáyà ti wọ inú omi ní òpó, bí òpó òòfà, bí ẹni pé ibẹ̀ ni agbára tí ń fa èròjà wà. Ní ọdún 1834, ó lọ bá àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì, pàápàá William Whewell ti Yunifásítì Cambridge, láti wá ọ̀rọ̀ tí kò ní gbé èrò kankan tí a kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọ̀nà ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wọn lé. Ẹlẹ́ktródù jẹ́ ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà. Ánódù jẹ́ ọ̀nà ìgòkè, kátódù sì jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ṣe àpẹẹrẹ wọn. Íónì túmọ̀ sí ohun tí ń lọ. Ẹlẹ́ktróláìtì jẹ́ ohun tí iná lè tú palẹ̀. Ọ̀pọ̀ èdè àgbáyé, àti Yorùbá pẹ̀lú, ni ó ti yá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lò, tí wọ́n sì ń kọ wọ́n ní ìlànà ìró tiwọn.

Sáyẹ́ǹsì fún ará ìlú

Faraday gbà pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni ìmọ̀. Ní ọdún 1825 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún fún àwọn ọ̀dọ́ ní àsìkò Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ ní Royal Institution, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni èyí tí ó ṣe nípa àbẹ́là, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ìwé ní ọdún 1861. Ó fi iná àbẹ́là kan ṣoṣo kọ́ àwọn ọmọdé ní kẹ́mísírì afẹ́fẹ́, omi àti èémí.

Ní ọdún 1853, àṣà kan gba ìlú London: àwọn ènìyàn a gbé ọwọ́ lé tábìlì, tábìlì á sì máa yí, wọ́n á ní ẹ̀mí àìrí ni. Faraday to páálí lé orí tábìlì, ó fi ohun ìlẹ̀ tí ó rọ̀ sí àárín wọn, kí ó lè mọ̀ bóyá tábìlì ni ó kọ́kọ́ ń lọ tàbí ọwọ́. Ó tún fi pòròpórò koríko ṣe ọ̀pá atọ́ka tí yóò máa tẹ̀ bí ọwọ́ bá tì í. Ọwọ́ ni ó ń lọ ṣáájú, láìjẹ́ pé àwọn olówó rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń wo ọ̀pá atọ́ka náà, tábìlì kò yí mọ́.

Ní ọjọ́ 7 Oṣù Keje 1855, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames. Omi náà ti di ẹrẹ̀ dúdú tí ń rùn, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí gbogbo ìlú ń ṣàn sí. Ọdún kan péré ṣáájú ni àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní London. Faraday ya káàdì funfun sí wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ kí ó lè tètè rì, ó sì ń jù ú sínú odò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Káàdì kò tíì wọ inú omi tó ínṣì kan tí ojú kò fi rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn. Ó kọ ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn The Times, ó sì kìlọ̀ fún àwọn aláṣẹ pé bí wọ́n bá ṣe aláìbìkítà, ìgbà ooru yóò fi ohun tí wọ́n ṣe hàn wọ́n. Ní ìgbà ooru ọdún 1858, òórùn odò náà le débi pé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ilé wọn wà létí omi kò rójú ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe òfin kánkán, Joseph Bazalgette sì kọ́ ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ fún London. Kì í ṣe lẹ́tà Faraday nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ ti sọ òtítọ́ náà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní bébà funfun lọ́wọ́ lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ ogbó àti ikú

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni ara Faraday ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lágara. Orí a máa fọ́ ọ, ojú a máa kọ́ ọ, ó sì ń gbàgbé nǹkan. Ó ń fi nọ́ńbà sí ohun tí ó bá kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí rẹ̀ kí ó lè rí i nígbà mìíràn. Síbẹ̀, ní ọdún 1845, ó ṣàwárí pé òòfà lè yí ìmọ́lẹ̀ padà, èyí tí ó fi hàn pé ìbátan wà láàrin ìmọ́lẹ̀ àti òòfà. James Clerk Maxwell ni ó wá fi ìṣirò gbé èrò rẹ̀ nípa àwọn ìlà agbára kalẹ̀ lẹ́yìn náà.

Wọ́n fi ipò ààrẹ Royal Society lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀ ọ́. Ó kọ oyè Sir pẹ̀lú. Ní ọdún 1858, Ọbabìnrin Victoria fún un ní ilé kan ní Hampton Court láti máa gbé. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹjọ 1867, ní ọmọ ọdún 75. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Highgate ní London, láìsí ayẹyẹ ńlá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fẹ́.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ fáráàdì, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ iye iná tí kàpásítọ̀ lè gbà. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó bébà £20 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1991 títí di ọdún 2001. Àwọn ohun èlò rẹ̀ kan ṣì wà ní Royal Institution, níbi tí àwọn àlejò ti lè wò wọ́n.

Ogún rẹ̀ nínú ìlera ará ìlú kò hàn sí ojú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1962, Leland Clark àti Champ Lyons ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè so ẹ́ńsáìmù mọ́ ẹlẹ́ktródù láti wọn ṣúgà. Ní ọdún 1987, ohun èlò ìdánwò ṣúgà tí ó tóbi tó kálàmù, tí ń fi ẹlẹ́ktródù ṣiṣẹ́, dé ọjà fún ìlò nínú ilé. Lórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ irú rẹ̀, wọ́n fi yíǹkì kábọ́ọ̀nù tẹ ẹlẹ́ktródù, wọ́n sì fi ẹ́ńsáìmù sí i lórí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí i, ẹ́ńsáìmù yóò gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lára ṣúgà, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà yóò sì gba ẹlẹ́ktródù kọjá bí ìṣàn iná. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe máa pọ̀ tó. Òfin kìíní Faraday ni ó jẹ́ kí iye iná lè di iye ṣúgà. Àwọn ilé ìwòsàn àti ilé oògùn ní Nàìjíríà ń lo irú páálí yìí lójoojúmọ́.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ láti Thailand àti Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti tẹ ẹlẹ́ktródù sórí bébà lásán, tí bébà náà fúnra rẹ̀ sì ń fa omi lọ sí ibi ìdánwò láìsí ẹ̀rọ afami. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti fi pẹ́ńsùlù ya ẹlẹ́ktródù sórí bébà, nítorí pé gíráfáìtì inú pẹ́ńsùlù jẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ń gbé iná. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdánwò tí kò wọ́n, tí a lè ṣe ní ibi tí kò sí yàrá ìwádìí, tí a sì lè fi iná sun bébà rẹ̀ lẹ́yìn ìlò kí àrùn má baà tàn kálẹ̀. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní ààlà tirẹ̀: bébà kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí omi sì lè dà á rú, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi ohun tí a ti mọ iye rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á gbọ́. Ìlànà yìí pẹ̀lú kì í ṣe tuntun; òun ni Faraday tẹ̀lé nígbà tí ó fi àmì orí bébà kan wé àmì orí èkejì.